Ṣé ó tọ́ ká fagi lé áyọ́ọ̀nù tó ṣì wà nínú omi?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà kẹ́mísírì. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ net ionic equation yìí (ìdọ́gba tó ń fi ohun tó yí padà nìkan hàn) ti tojú sú mi. Kì í ṣe pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ìdọ́gba dọ́gba. Èyíinì ò ṣòro fún mi. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí n tú u sí áyọ́ọ̀nù (àwọn èérún tó ní + tàbí − lára), kí n sì yọ àwọn òǹwòran (àwọn áyọ́ọ̀nù tí kò yí padà) kúrò, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti ń yẹ̀.

Nínú ìdánwò wa tó kọjá, méjì ni wọ́n fagi lé. Àkọ́kọ́ ni CaCO₃ pẹ̀lú HCl. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fagi lé Ca²⁺ àti Cl⁻, ó wá ku:

CO₃²⁻ + 2H⁺ → CO₂ + H₂O

Èkejì ni CH₃COOH pẹ̀lú NaOH. Ohun tí mo kọ ni H⁺ + OH⁻ → H₂O, torí mo ti há a sórí pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbàkúùgbà tí ásíìdì bá pàdé béèsì. Báírò pupa ni wọ́n fi fa ìlà lé méjèèjì lórí, kò sí àlàyé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n máàkì yẹn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a da Pb(NO₃)₂ pọ̀ mọ́ KI ní láàbù. Omi méjèèjì mọ́ gaara, ìkankan ò ní àwọ̀. Bí wọ́n ṣe fojú kan ara wọn báyìí, gbogbo rẹ̀ di yẹ́lò, àfi bíi pé ẹnì kan da ọ̀dà sínú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń wò ó títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà fi rọra sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí ìgò, tí omi òkè sì tòrò padà. Nígbà tó wá di pé ká kọ ọ́, wọ́n ní Pb²⁺ + 2I⁻ → PbI₂ ni, ká fagi lé K⁺ àti NO₃⁻. Mo wo omi tó tòrò lókè yẹn, mo ní: inú ibẹ̀ ṣáà ni K⁺ àti NO₃⁻ wà, a ò dà wọ́n nù. Kí ló wá dé tí a fi ń kọ ọ́ bí ẹni pé wọn ò sí? Ṣé irọ́ kọ́ là ń kọ sílẹ̀?

Ẹ bá mi là á yé. Ìdánwò ńlá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ Rẹ:

Ọ̀rẹ́ mi, má da ara ẹ láàmú. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ (aq) sí lára, ìyẹn ohun tó ti yòrò sínú omi, tú u. Èyí tó bá ní (s), ìyẹn ohun líle, (l), ìyẹn ohun olómi, tàbí (g), ìyẹn èéfín, má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ohun tó bá jọra lápá òsì àti lápá ọ̀tún, fagi lé e. Èyí tó kù ni ìdáhùn ẹ. CaCO₃ jẹ́ (s), kò yẹ kí o tú u rárá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

CaCO₃(s) + 2H⁺(aq) → Ca²⁺(aq) + CO₂(g) + H₂O(l)

Cl⁻ nìkan ni òǹwòran níbẹ̀. Ti CH₃COOH yẹn ni kò tíì yé èmi náà dáadáa, torí (aq) ló wà lára ẹ̀.

Ìyá Olùkọ́:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan yìí, ìbéèrè tí ìwọ ọmọ yìí bi nípa omi tó tòrò lókè yẹn sì dùn mọ́ mi gan-an. Òun ni màá kọ́kọ́ mú, torí ibẹ̀ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ wà.

Irọ́ kọ́ là ń kọ. Ìdọ́gba mẹ́ta ni a lè kọ fún nǹkan kan ṣoṣo, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń sọ yàtọ̀. Èyí tí a fi orúkọ kẹ́míkà kíkún kọ, Pb(NO₃)₂ + 2KI → PbI₂ + 2KNO₃, ohun tí o bù láti inú ìgò ló ń sọ, àti iye tí o máa bù. Èyí tí a tú gbogbo rẹ̀ sí áyọ́ọ̀nù ń sọ gbogbo ohun tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Net ionic equation ní tirẹ̀, ohun tó yí padà nìkan ló ń sọ. Kò sọ pé K⁺ ò sí. Ó ní kò sí ohun tó ṣe K⁺: àwọn mọ́líkúùlù omi ló yí i ká kí o tó da nǹkan pọ̀, àwọn náà ló ṣì yí i ká lẹ́yìn tí o dà á pọ̀ tán. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, tí èrò pé lé wọn lórí, tí wọ́n wá bi ọ́ pé ta ló jà, ṣé o máa dárúkọ gbogbo ẹni tó dúró wò? Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọn ò jà ni.

Bí o bá sì fẹ́ rí wọn lójú, wọ́n ṣeé rí. Bí ẹ bá bu Pb(NO₃)₂ àti KI bó ṣe ṣe rẹ́gí, tí ẹ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹ́lò yẹn kúrò, tí ẹ gbé omi tó tòrò náà ka iná pẹ̀lẹ́ títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fà tán, ohun funfun bí iyọ̀ á ṣẹ́kù. KNO₃ nìyẹn. Àwọn òǹwòran rẹ ló so pọ̀ nígbà tí omi tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ tán. (Májèlé ni lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn Pb, o. Ẹ má dá a ṣe láìsí olùkọ́ nítòsí, ẹ má sì dà á sínú sínkì.)

Ẹ bẹ olùkọ́ yín kó mú díẹ̀ nínú PbI₂ yẹn gbóná pẹ̀lú omi fún yín. Ní ìwọ̀n ooru inú yàrá, PbI₂ tó lè yòrò nínú lítà omi kan kò tó gíráàmù kan. Bí omi bá sún mọ́ híhó, ó lè yòrò ju gíráàmù 4 lọ. Yẹ́lò náà á pòórá pátápátá, omi á mọ́ gaara. Ẹ wá gbé e sílẹ̀ kó tutù. Ẹ ó rí i tí pẹlẹbẹ wúrà kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, tí wọ́n ń yí bírí bírí sọ̀ kalẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń kọ mọ̀nà lára wọn. Mi ò tíì ṣe é rí kí kíláàsì má pa lọ́lọ́. Pb²⁺ + 2I⁻ → PbI₂ kan náà lẹ ń wò yẹn, ó ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú yín.

Ó kan àwọn ìdáhùn tí wọ́n fagi lé. Ẹlẹgbẹ́ rẹ ti gba CaCO₃ sílẹ̀, ó sì gbà á dáadáa. Mo kàn fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mi ò ní jẹ́ kí ọmọ kankan kọ ìdọ́gba kí ó tó ya ife gíláàsì sínú ìwé rẹ̀, kí ó ya ohun tó wà nínú ife náà bó ṣe rí gan-an. Bí o bá ya CaCO₃, òkúta lo máa yà, tó jókòó sí ìdí ife. CO₃²⁻ kankan ò lúwẹ̀ẹ́ káàkiri tó ń dúró de H⁺. H⁺ ló ń lọ bá òkúta níbi tó jókòó sí, ara òkúta náà sì ni èéfín CO₂ ti ń yọ ní róróró. Bẹ́ẹ̀, nínú ohun tí o kọ, o fagi lé Ca²⁺, nígbà tó jẹ́ pé Ca²⁺ kúrò lára òkúta bọ́ sínú omi. Ohun tó kúrò níbi kan bọ́ sí ibòmíràn kì í ṣe òǹwòran. Ká ní Na₂CO₃ tó ti yòrò ni wọ́n fún ọ, ìdáhùn tí o kọ yẹn ì bá tọ̀nà láìkù síbì kan.

Nípa CH₃COOH, òfin tí ẹlẹgbẹ́ rẹ fún ọ ni kò délé. (aq) ń sọ pé nǹkan wà nínú omi; kò sọ pé ó ti pín sí áyọ́ọ̀nù. Bu CH₃COOH tó jẹ́ mol 1 (mol ni ìwọ̀n tí a fi ń ka iye mọ́líkúùlù) nínú lítà 1: nínú 1000 mọ́líkúùlù rẹ̀, bíi 4 péré ló pín. Àwọn 996 yòókù ṣì wà lódindi. Nígbà tí OH⁻ bá dé, ta ló máa bá? Odindi mọ́líkúùlù náà ni, òun ni yóò já H⁺ gbà lára rẹ̀:

CH₃COOH(aq) + OH⁻(aq) → CH₃COO⁻(aq) + H₂O(l)

Na⁺ nìkan ni òǹwòran. Àwọn ásíìdì tó máa ń pín tán, tí ẹ sì máa ń bá pàdé jù, ni HCl, HBr, HI, HNO₃, HClO₄ àti H₂SO₄ (H⁺ rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ń pín tán). Ẹ há àwọn wọ̀nyí sórí. Ásíìdì míì tí ẹ bá rí, ẹ fi í sílẹ̀ lódindi àyàfi tí ẹ bá ní ẹ̀rí pé ó ń pín tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni NH₃ lápá béèsì: bó bá pàdé HCl, NH₃ + H⁺ → NH₄⁺ ni, kò sí OH⁻ nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Mà, ẹ ṣé gan-an. Ti òkúta yẹn ti yé mi báyìí, ojú mi là sí i. Mo ṣì ní ìbéèrè kan. Kí n má bàa máa ṣìṣe mọ́, mo ti kọ àwọn òǹwòran sínú pépà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé mi: Na⁺, K⁺, NO₃⁻, Cl⁻, SO₄²⁻. Ṣé ó pé? Ṣé ó ku èyí tí mo máa fi kún un?

Ìyá Olùkọ́:

Já pépà yẹn kúrò, ọmọ mi. Bí o bá mú un wọ inú ìdánwò, ó máa já ọ kulẹ̀.

Kò sí áyọ́ọ̀nù kankan tí wọ́n bí ní òǹwòran. Ohun tó bá pàdé lọ́jọ́ yẹn ló ń sọ ọ́ di òǹwòran. Wo Cl⁻. Nínú HCl pẹ̀lú NaOH, òǹwòran ni, kò bá ẹnikẹ́ni ṣe. Mú Cl⁻ kan náà, láti inú ìgò kan náà, kí o da AgNO₃ lé e:

Ag⁺(aq) + Cl⁻(aq) → AgCl(s)

Òun gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀ báyìí. Ohun funfun tó dì bíi wàrà tó ti dì ló máa jáde, bí o bá sì gbé e sójú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, á di eérú tó ní àlùkò nínú. Wo SO₄²⁻ pẹ̀lú. Ki irin zinc bọ inú CuSO₄: Zn(s) + Cu²⁺(aq) → Zn²⁺(aq) + Cu(s). Àwọ̀ búlúù omi náà á máa ṣá, bàbà pupa á máa lẹ̀ mọ́ ara zinc, SO₄²⁻ sì dúró, ó ń wò. Gbé SO₄²⁻ yẹn pàdé Ba²⁺, kíá ló máa di BaSO₄ funfun.

Na⁺, K⁺ àti NO₃⁻ ló dà bíi pé wọ́n máa ń wòran ṣáá, torí iyọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa yòrò tán nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n fi bàbà sínú HNO₃ tó ki, NO₃⁻ yẹn náà á di èéfín aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń gún imú. Nítorí náà, má há orúkọ sórí. Ya ife. Kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn tó ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá wà lápá méjèèjì láìyàtọ̀, ní irú ipò kan náà, òun ni òǹwòran fún ọjọ́ yẹn.

Ó sì ń ṣẹlẹ̀ pé gbogbo wọn á jẹ́ òǹwòran. NaCl pẹ̀lú KNO₃: tú u, fagi lé e, kò ní ku nǹkan kan sọ́wọ́ rẹ. Ìdáhùn rẹ nìyẹn, pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Má wá nǹkan tí o máa kọ níbẹ̀ tipátipá.

Ará Láàbù:

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí èmi ń rí lẹ́nu iṣẹ́ kún un, torí mo fẹ́ kí àbúrò yìí mọ̀ pé ìfagilé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán. Ohun tó ṣeé wọ̀n ni.

Bu HCl 50 mL àti NaOH 50 mL, kí méjèèjì jẹ́ mol 1 nínú lítà 1. Dà wọ́n pọ̀ sínú ife tí ooru kò ní tètè jáde níbẹ̀, fi tẹmómítà sí i. Ooru rẹ̀ á fi bíi digírì 6 sí 7 gòkè. Fọ ife náà. Fi HNO₃ àti KOH ṣe é báyìí, ìwọ̀n kan náà. Digírì 6 sí 7 náà ni! Ìgò tí o mú yàtọ̀ pátápátá, kò sí áyọ́ọ̀nù Na tàbí Cl kankan nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, síbẹ̀ ooru tó jáde kò yàtọ̀: nǹkan bíi 57 kJ fún mol omi kọ̀ọ̀kan. Kí ló fà á? Nǹkan kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ nínú ife méjèèjì, H⁺ + OH⁻ → H₂O. Na⁺, Cl⁻, K⁺ àti NO₃⁻ kò dá sí i, wọn ò sì fi ooru kankan kún un. Bí o bá fi CH₃COOH ṣe é, ooru náà á dín díẹ̀, torí ìdọ́gba tirẹ̀ yàtọ̀ bí Mà ṣe wí.

Ọ̀rọ̀ ooru tó dọ́gba yìí ti wà nílẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rí ìdí rẹ̀ sọ. Svante Arrhenius ló sọ ọ́ yanjú, ará Sweden tó kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ ní Uppsala lọ́dún 1884. Ó ní bí iyọ̀ bá ti yòrò sínú omi, ó ti pín sí áyọ́ọ̀nù ná, kó tó di pé iná kankan gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn tó yẹ ìwé rẹ̀ wò fún un ní máàkì tó relẹ̀. Lọ́dún 1903, ọ̀rọ̀ kan náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un nínú kẹ́mísírì. Gbogbo ìgbà tí mo bá rántí èyí ni orí mi máa ń wú, nítorí pé láìsí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, kò sí bí a ṣe máa mọ ẹni tó ń jà yàtọ̀ sí ẹni tó ń wòran.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù láti fi han àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́. Bu Ba(OH)₂ sínú ife. Ki wáyà méjì bọ̀ ọ́, kí bátìrì àti gílóòbù kékeré wà lára wáyà náà. Gílóòbù á tàn, torí áyọ́ọ̀nù wà nínú omi. Wá máa kán H₂SO₄ sí i díẹ̀díẹ̀. Omi á máa funfun, gílóòbù á máa ṣú. Ó ń ṣú, ó ń ṣú, ó máa dé ibì kan tó jẹ́ pé o ò ní rí iná kankan nínú rẹ̀ mọ́. Tún kán ásíìdì díẹ̀ sí i báyìí: iná á padà tàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí:

Ba²⁺ + 2OH⁻ + 2H⁺ + SO₄²⁻ → BaSO₄(s) + 2H₂O

Òǹwòran kankan ò sí nínú èyí. Ba²⁺ àti SO₄²⁻ di ohun líle, H⁺ àti OH⁻ di omi, kò wá sí ẹni tí yóò gbé iná kọjá mọ́. Ká ní NaOH àti HCl lo fi ṣe é, gílóòbù kò ní kú, torí Na⁺ àti Cl⁻ á ṣì wà nínú omi. Àbúrò, ìwọ lo bi wá pé ibo làwọn tí a fagi lé wà. Àwọn ni iná tó ṣì ń tàn yẹn.

Ìyá Olùkọ́:

Ẹ ṣé o, Ará Láàbù. Èmi náà máa fi ti gílóòbù yẹn kún ẹ̀kọ́ mi.

Ọmọ mi, gbìyànjú ọ̀kan ká rí i. Aluminiomu líle nínú AgNO₃.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Mo ya ife náà lákọ̀ọ́kọ́, Mà. Al jókòó sí ìdí rẹ̀, Ag⁺ àti NO₃⁻ ń lúwẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Al³⁺ àti NO₃⁻ ló ń lúwẹ̀ẹ́, Ag ti lẹ̀ mọ́ ara irin. NO₃⁻ ni òǹwòran. Nítorí náà:

Al(s) + Ag⁺(aq) → Al³⁺(aq) + Ag(s)

Al kan lósì, kan lọ́tùn-ún. Ag kan lósì, kan lọ́tùn-ún. Ó ti dọ́gba.

Ìyá Olùkọ́:

O ya ife náà dáadáa, NO₃⁻ ni òǹwòran lóòótọ́. Átọ́ọ̀mù ti dọ́gba. Wá ka charge, àwọn + àti − yẹn, fún mi, lósì àti lọ́tùn-ún.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Ha. Òsì jẹ́ +1, ọ̀tún jẹ́ +3. Ẹ jọ̀ọ́, Mà, ẹ dúró.

Al kan fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 3 sílẹ̀, Ag⁺ kọ̀ọ̀kan ò sì lè gbà ju 1 lọ. Nítorí náà Ag⁺ 3 ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀:

Al(s) + 3Ag⁺(aq) → Al³⁺(aq) + 3Ag(s)

Òsì +3, ọ̀tún +3.

Ìyá Olùkọ́:

Ó pé. Ṣé o ti já pépà ẹ̀yìn ìwé yẹn?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kejì:

Mo ti já a, Mà. Ife ni mo yà sí ojú ibẹ̀.